Fọ́tò Dúdú-Funfun Tí Kò Kúnná: Bí A Ṣe Ń Yan Fíìmù àti Dẹ́fẹ́lọ́pà Tó Bá Omi Wa Mu

Bàbá kan tó ń fín igbá nítòsí ọjà Àkẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ni mo kọ́kọ́ gbé irú fọ́tò yìí fún. Mo ti yà á níbi tó ti ń fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ fín ojú igbá, mo fọ fíìmù náà nílé, mo tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló da iyanrìn sí mi lójú?" Ẹ̀rín pa mí. Iyanrìn yẹn gan-an ni mo ti ń wá láti ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbà tó wò ó lẹ́ẹ̀kejì ló wá ní igbá inú fọ́tò náà dà bí èyí téèyàn lè na ọwọ́ fi kàn.

Iyanrìn yìí làwọn ayafọ́tò ń pè ní gírénì. Hóró lèmi ń pè é, torí ẹni tó bá ti jọ èlùbọ́ rí ti mọ ohun tí mò ń sọ: ọ̀kan kúnná, ọ̀kan ò kúnná. Iyọ̀ fàdákà ló wà lára fíìmù, wóró-wóró, nínú jẹ̀látì tí wọ́n fi awọ àti egungun ẹran sè. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn án, dẹ́fẹ́lọ́pà, ìyẹn kẹ́míkà tí a fi ń fọ fíìmù, á sọ iyọ̀ ibẹ̀ di fàdákà dúdú. Bí fàdákà náà ṣe ṣù jọ síbí, tó fi àlàfo sílẹ̀ lọ́hùn-ún, òun lojú wa ń rí bíi hóró.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń wá sọ́dọ̀ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Ọ̀gá, fíìmù wo, dẹ́fẹ́lọ́pà wo?" Bíi pé àwọn méjèèjì nìkan ló ń jẹ́jọ́. Ẹnì kẹta wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀: omi. Ìwọ̀n ooru 20°C ni wọ́n sábà máa ń gbé àkókò tó wà nínú ìwé páálí fíìmù kà. Omi táǹkì orí òrùlé mi ní oṣù kẹta ọdún máa ń dé 30°C kí aago méjì ọ̀sán tó lù. Bí ẹ bá ń yan dẹ́fẹ́lọ́pà láìro ti omi yìí, ẹ kàn ń ta tẹ́tẹ́ ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yan fíìmù

Inú fíìmù ni hóró ti ń bẹ̀rẹ̀. Dẹ́fẹ́lọ́pà lè fi í hàn, ó sì lè bò ó mọ́lẹ̀, àmọ́ kò lè dá èyí tí kò sí níbẹ̀ sílẹ̀. Bí ISO fíìmù, ìyẹn òǹkà tó ń sọ bó ṣe yára gba ìmọ́lẹ̀ tó, bá ṣe ga sí, bẹ́ẹ̀ ni wóró iyọ̀ fàdákà rẹ̀ ṣe ń tóbi sí, torí wóró ńlá ló ń tètè gba ìmọ́lẹ̀. Pan F Plus tó jẹ́ ISO 50 kúnná bíi láfún; ohun yòówù kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, kò ní di gaàrí.

ISO gíga nìkan kọ́ o. Àwọn fíìmù kan wà tí wọ́n ṣe wóró wọn ní pẹlẹbẹ, kó lè gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ láìsí pé ó nípọn. T-Max 400 àti Delta 400 wà nínú wọn. ISO 400 ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n kúnná ju ohun tí à ń wá lọ. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn tó ń ya ilé àti ẹ̀rọ.

Fíìmù ayé àtijọ́ lẹ ó mú: HP5 Plus ti Ilford, tàbí Tri-X 400 ti Kodak, tí ti 35mm rẹ̀ ti wà lọ́jà láti 1954. Hóró Tri-X le díẹ̀, dúdú rẹ̀ sì tètè ń jinlẹ̀. HP5 Plus rọ̀ jù ú lọ, ó sì ń forí ji ẹni tó bá ṣi ìmọ́lẹ̀ wọ̀n. Fomapan 400 tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì sábà máa ń dínwó jù wọ́n, hóró rẹ̀ sì pọ̀ dáadáa, àmọ́ 400 tó wà lára páálí yẹn, ẹ má gbà á gbọ́ tán. Èmi máa ń yí kámẹ́rà sí 200 tàbí 250 fún un, torí bí mo bá fi 400 yà á, ibi òjìji á ṣófo báyìí.

Ẹ ó gbọ́ nípa Delta 3200 àti T-Max P3200. Orúkọ wọn ga ju agbára wọn lọ: Ilford fúnra rẹ̀ sọ pé ISO 1000 ni Delta 3200 ní ti gidi. Hóró wọn pọ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ohun tí mo fi ń sá fún wọn ni pé fíìmù tó yára báyìí kì í fara da ooru àti ọjọ́ pípẹ́. Fíìmù kò sí ní ìsọ̀ wa mọ́. Láti Èkó la ti ń rà á tàbí ká ránni láti òkè òkun, ta ló wá mọ iye ọjọ́ tó ti sùn nínú mọ́tò? Èyí tó gbóná lọ́nà á mú nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tí a ti fọ̀, tí ibi funfun ti di dúdú lára rẹ̀, dúdú látòkèdélẹ̀, bíi pé èéfín bò ó.

Ẹ sì ṣọ́ra fún XP2 Super. Dúdú-funfun ni, àmọ́ kẹ́míkà fíìmù aláwọ̀ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Àwọ̀ ló ń kù lára rẹ̀ níkẹyìn, kì í ṣe fàdákà. Ìmọ̀ràn inú ìwé yìí kò bá a mu rárá.

Ìwọ̀n fíìmù náà ń sọ̀rọ̀. Fíìmù 35mm ni kẹ́ ẹ lò. HP5 kan náà ní 120, tó fẹ̀ ju 35mm lọ, á kúnná lójú yín, torí nẹ́gátíìfù rẹ̀ tóbi, ẹ kò ní fẹ̀ ẹ́ púpọ̀ kó tó dé orí pépà. Ẹni tó bá rí kámẹ́rà àtijọ́ tó ń pín ojú fíìmù sí méjì, tí fíìmù 36 ń mú 72 jáde, ó ti rí hóró ọ̀fẹ́. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi tí wáyà tí mo fi so bẹ́líìtì rẹ̀ ti ju bẹ́líìtì fúnra rẹ̀ lọ. Òun ni mo fi ya bàbá onígbá yẹn.

Bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí màá rà bí n bá tún bẹ̀rẹ̀: HP5 Plus márùn-ún, ká má tíì fi òmíràn kún un.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan dẹ́fẹ́lọ́pà

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọnù, torí orúkọ pọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa bèèrè nípa dẹ́fẹ́lọ́pà kọ̀ọ̀kan: ṣé ó ń jẹ etí hóró ni, àbí ó ń fi í sílẹ̀?

Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ sodium sulfite ló ń jẹ ẹ́. Bó bá pọ̀ nínú dẹ́fẹ́lọ́pà, ńṣe ló ń yọ́ etí wóró fàdákà díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń yọ́ etí ṣúgà oníhóró. Hóró á wá rọ̀, á dàpọ̀. Gíráàmù 100 rẹ̀ ló wà nínú lítà kan D-76, tí Kodak ti ń ṣe láti 1927, ìdí nìyẹn tí D-76 tí a kò lú omi fi ń mú fọ́tò tó kúnná wá. Ẹ lù ú ní omi bí ìwọ̀n tirẹ̀, ìyẹn 1+1, agbára sulfite náà á dín kù, etí hóró á sì mú. Ẹ lù ú ní 1+3, á tún mú sí i. ID-11 ti Ilford àti D-76, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Perceptol ni ẹ ó sá fún pátápátá. Wọ́n ṣe é nítorí kí hóró lè parẹ́ ni. Xtol náà kúnná, ó sì ní ìwà kan tí mi ò fẹ́: ó lè kú lójijì láìyí àwọ̀ padà. Ẹ ó dà á sí fíìmù, fíìmù á jáde ní funfun, ó tán.

Rodinal wá ńkọ́? Ọdún 1891 ni Agfa ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Jámánì, wọ́n sì ń tà á títí di òní; ẹ lè rí i pẹ̀lú orúkọ R09. Sulfite inú rẹ̀, nígbà tí a bá ti lù ú ní omi, kéré débi pé kò lè jẹ hóró kankan. Bí wóró bá ṣe wà nínú fíìmù ló ṣe máa yọ jáde, etí rẹ̀ mú ṣáṣá. Ìdí àkọ́kọ́ tí mo fi yàn án nìyẹn.

Ìdí kejì jẹ́ ti ilé wa. Ògidì rẹ̀ inú ìgò kì í tètè bàjẹ́. Ó lè lo ọdún púpọ̀, kó pọ́n bí ọtí àgbo, kó sì máa ṣiṣẹ́ lọ. D-76 tí a ti pò, oṣù mẹ́fà la ń kà fún un nínú ìgò tó kún dénu, ìyẹn níbi tí kò gbóná. Níbi tí iná ti lè lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí fíríìjì ti di kọ́bọ́ọ̀dù, Rodinal lọ̀rẹ́ ẹni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó tó di pé mo gbàgbé: ó jọ àgbo lóòótọ́, kẹ́míkà inú rẹ̀ sì lè jó ẹnu àti ojú. Ẹ má dà á sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò láé. Nínú ìgò tí wọ́n fi tà á ni kó wà, lókè, níbi tí ọwọ́ ọmọ ò lè dé, kí ìyá àgbà tó wá kí yín má sì ṣì í mú.

Ẹni tó bá fẹ́ ya òru, tó fẹ́ lo HP5 bíi pé ISO 1600 ni, Rodinal kọ́ ni kó lò o. Ó máa ń pàdánù ibi òjìji. Microphen ti Ilford ni kó wá, tàbí ID-11 tí a kò lú. Títì tí ẹ bá ti fíìmù sókè báyìí, hóró á pọ̀ fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wọn omi

Mo ti fọ fíìmù ìgbéyàwó ìbátan mi kan nínú Rodinal 1+25, ìyẹn ìwọ̀n Rodinal kan sí ìwọ̀n omi 25. Ìwé sọ pé ìṣẹ́jú 6. Mo ka ìṣẹ́jú 6 láìfo àáyá kan, mi ò sì wọn omi. Nẹ́gátíìfù jáde, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Gèlè funfun ìyàwó di àwo pẹlẹbẹ tí kò ní ìṣẹ́po kankan, ojú ọ̀run sì ní ilà-ilà bíi pé ẹnì kan fi ìgbálẹ̀ gbá a. Hóró wà o! Àmọ́ kò sí ohun tí hóró náà dúró lé lórí.

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Fún ìwọ̀n ooru kọ̀ọ̀kan tí omi bá fi ju 20°C lọ, àkókò ń dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. HP5 nínú 1+25 jẹ́ ìṣẹ́jú 6 ní 20°C. Ní 24°C, kò pé ìṣẹ́jú 4. Ní 29°C, ìṣẹ́jú 2 lé díẹ̀. Bí àkókò bá sì ti rẹlẹ̀ ju ìṣẹ́jú 5 lọ, dẹ́fẹ́lọ́pà kò ní ráyè kárí fíìmù dọ́gba, nítorí bí ẹ ti ń dà á sínú táǹkì, ìyẹn agolo tí a ń fọ fíìmù nínú rẹ̀, ló ti ń ṣiṣẹ́. Ilà ojú ọ̀run tèmi nìyẹn.

Nítorí náà 1+50 ni ti ilẹ̀ wa, kì í ṣe 1+25. Ọ̀nà tí mo ń gbà pò ó rèé: píọ̀ wọ́tà kan tí wọ́n kọ 50cl sí lára, àti Rodinal mílílítà 10 tí mo fi síríńjì ilé kẹ́mísìtì fà, láìsí abẹ́rẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Píọ̀ wọ́tà míì kì í pé 50cl, ẹ fi ife oníwọ̀n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan. Táǹkì tó ń gba ríìlì méjì, ìyẹn ohun tí a ń ká fíìmù sí, ni mo ń lò, fíìmù wà lórí ti ìsàlẹ̀, ti òkè sì ṣófo, omi náà á sì bo fíìmù dáadáa.

Ẹ mú un wá sí 24°C. Ẹ má lé 20°C, kò yẹ kẹ́ ẹ fìyà jẹ ara yín. Àmù ìyá mi ló kọ́ mi lọ́gbọ́n yìí: omi tó sun inú àmù mọ́jú máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ ilé lọ, torí ara amọ̀ ń làágùn, òógùn náà sì ń gbé ooru lọ. Mo máa ń ti píọ̀ wọ́tà tí màá lò bọ inú àmù lálẹ́, láìjá a. Bí kò bá tíì tó, mo gbé e sínú báàfù omi pẹ̀lú píọ̀ wọ́tà míì tó ti dì, mo sì ki tẹmómítà bọ̀ ọ́. Nígbà ọyẹ́, ní ìdájí, omi ẹ̀rọ lè ti wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Omi tí ẹ ó fi ṣan fíìmù àti háípò, ìyẹn kẹ́míkà tó ń yọ iyọ̀ fàdákà tó ṣẹ́ kù kúrò lára fíìmù, náà gbọ́dọ̀ wà nítòsí 24°C yìí. Gbígbóná-tutù lójijì máa ń fún jẹ̀látì.

Àkókò tí mo kọ sára ògiri mi rèé, ti 20°C lákọ̀ọ́kọ́, ti 24°C tẹ̀ lé e:

- HP5 Plus ní 400, Rodinal 1+50: ìṣẹ́jú 11, ìṣẹ́jú 7 àti àáyá 15
- Tri-X ní 400, Rodinal 1+50: ìṣẹ́jú 13, ìṣẹ́jú 8 ààbọ̀
- HP5 Plus ní 400, ID-11 1+1: ìṣẹ́jú 13, ìṣẹ́jú 8 ààbọ̀
- HP5 Plus ní 1600, Microphen tí a kò lú: ìṣẹ́jú 11, ìṣẹ́jú 7 àti àáyá 15

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ya ohun tó gba hóró

Hóró kì í hàn ní ibi tó dúdú kirikiri tàbí tó funfun báláú. Àárín ló ń gbé: ara ògiri amọ̀, awọ ìlù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àgbà, ojú ọ̀run tó ṣú. Ẹ ya ògiri ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, nígbà tí oòrùn ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, ẹ ó rí i. Ẹ tún ògiri kan náà yà ní aago méjìlá, ẹ ó kàn rí òjìji dúdú àti ìmọ́lẹ̀ funfun.

Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, oòrùn ọ̀sán gangan fún fíìmù 400 jẹ́ f/16 ní ojú lẹ́ǹsì, pẹ̀lú ìdá 1/500 àáyá. Bí ìkùukùu bá bo oòrùn díẹ̀, ẹ lọ sí f/11. Lálẹ́ ní Tàkíe ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí iná ìsọ̀ ti ń tàn sára àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀kọ àti ẹja, 1600 ló lè gbà yín, kẹ́ ẹ ṣí ojú lẹ́ǹsì tán.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fọ̀ ọ́

Ẹ ká fíìmù sórí ríìlì nínú àpò dúdú. Bí ọwọ́ yín bá ń làágùn, ẹ dúró kó gbẹ, fíìmù á há mọ́ ríìlì bí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ da dẹ́fẹ́lọ́pà sí i, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò. Ẹ yí táǹkì lórí kodò ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín àáyá mẹ́wàá àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mẹrin ní ìbẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbá ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí èéfóó kúrò. Ẹni tó bá ń mì ín láìsinmi bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á rí hóró sí i lóòótọ́, àmọ́ ibi funfun á bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwọn kan máa ń lù ú ní 1+100, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan láìmì. Nínú ooru wa, mi ò gbà á.

Àkókò pé, ẹ dà á nù, ẹ fi omi ṣan táǹkì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ da háípò sí i. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti dán háípò wò: ẹ gé ẹnu fíìmù, ẹ jù ú sínú rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀, ẹ ka àáyá títí yóò fi mọ́ gaara. Ìlọ́po méjì ìyẹn ni ẹ ó fi fíìmù náà sílẹ̀ fún. Rodinal tí ẹ ti lò kò tún wúlò mọ́, ṣùgbọ́n ẹ dá háípò padà sínú ìgò rẹ̀.

Fífi omi ṣan án kò gba ẹ̀rọ tó ń ṣàn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ilford ní ọ̀nà kan tó bá ẹni tó ń pọnmi mu: ẹ bu omi kún táǹkì, ẹ yí i lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ dà á nù, ẹ tún bù ú, ẹ yí i lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ tún bù ú, ẹ yí i ní ogún ìgbà. Ó parí. Omi kànga lè ṣe èyí, àmọ́ kí ìkẹyìn jẹ́ píọ̀ wọ́tà, kí àbàwọ́n iyọ̀ má baà gbẹ síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wò ó, ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà

Ẹ gbé nẹ́gátíìfù sókè sójú fèrèsé. Bí ibi òjìji bá ṣófo, ìmọ́lẹ̀ ló kéré nígbà tí ẹ ń yà á. Ẹ yí kámẹ́rà sí 250 nígbà míì. Bí ibi òjìji bá dára ṣùgbọ́n tí ibi funfun dúdú jù lórí nẹ́gátíìfù, ẹ dín àkókò fífọ̀ kù ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ má yí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má sì pààrọ̀ fíìmù torí pé ẹnì kan fi tirẹ̀ hàn yín lórí fóònù.

Ẹ̀rọ tó ń ka nẹ́gátíìfù sínú kọ̀ǹpútà máa ń ti ara rẹ̀ dá hóró sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti tan ohun tó ń mú etí àwòrán mú síbẹ̀, ẹ pa á kẹ́ ẹ tó dá fíìmù lẹ́bi. Ọ̀dọ́ kan láti apá LAUTECH ti fẹ́ ju Rodinal rẹ̀ nù nítorí rẹ̀. A tẹ nẹ́gátíìfù kan náà sórí pépà, hóró náà sì rọlẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ní ti sísá a: kì í ṣe ìta gbangba, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ilé ìwẹ̀ ni mo ń sá tèmi sí, lẹ́yìn tí mo bá ti wọ́n omi sí ògiri àti ilẹ̀ kí eruku lè wálẹ̀. Mo fi pégì kan há a lókè, òmíràn ní ìsàlẹ̀ kó má baà ká, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì kìlọ̀ fáwọn ará ilé pé wákàtí mẹ́ta, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wẹ̀.